Hánnà náà dúró sílé: ìdáhùn sí ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kan ní Kétu

ÌBÉÈRÈ

Ìyá mi, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Kétu ni mò ń gbé, iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe. Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fún mi: àkọ́bí jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, ìkejì rẹ̀ ọdún mẹ́ta, àbíkẹ́yìn sì jẹ́ ọmọ oṣù méje. Kútọnu ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé. Kí n tó bímọ, n kì í pa àìsùn jẹ ní ìjọ wa. Ní báyìí, bí mo bá kúnlẹ̀ àdúrà, oorun ló ń gbé mi lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi ọkùnrin, èyí ìkejì, da epo pupa sórí léèsì funfun oníbàárà. Mo nà án títí ìyá ọkọ mi fi sáré wọlé wá gbà á lọ́wọ́ mi. Lálẹ́ ọjọ́ náà ó wá fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó ní, “Màmá, ẹ ò bínú mọ́?” Mo sunkún mọ́jú. Arábìnrin kan ní ìjọ sọ pé ìgbàgbọ́ mi ló ti lọ sílẹ̀, pé kí n gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ìgbàgbọ́ mi ti kú ni? Àwọn ìyá tó ní sùúrù, níbo ni wọ́n ti ń rí i? Léèsì náà ṣì wà nínú báàgì, n kò tíì lè sọ fún oníbàárà.

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Kétu

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, mo kí ọ, mo sì kí àwọn ọmọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà rẹ, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí èèyàn ń fi ìkánjú dáhùn. Ọdún 34 ni mo fi gbẹ̀bí níhìn-ín ní Àjàṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ ka Bíbélì ní ìjọ wa lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Ìbéèrè rẹ yìí, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó olówó, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu obìnrin tó ń ru ẹrù lọ́jà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó pásítọ̀. Èmi pàápàá ti bi ara mi rí.

Kí a tó lọ jìnnà: má gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta yẹn. Mo mọ̀ pé ire ni arábìnrin náà ń fẹ́ fún ọ, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ọmọ oṣù méje ṣì wà lẹ́nu ọmú. Ó ti ń tọ́ ògì wò lóòótọ́, síbẹ̀ láti oṣù kẹfà títí ọmọ fi pé ọdún kan, ìdajì agbára tí ara rẹ̀ ń lò, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, inú wàrà ìyá ló ti ń wá. Ara rẹ ni ó ń yọ ọ́ fún un. Ẹni tí ebi ń pa, tí kò rí oorun sùn, tí ọmọ mẹ́ta ń fà láṣọ, níbo ni sùúrù rẹ̀ yóò ti gùn? Ìgbà tí o bá já ọmọ lẹ́nu ọmú tán, ààwẹ̀ ṣì ń dúró dè ọ́.

Jọ̀ọ́, gbé Bíbélì rẹ, ṣí Sámúẹ́lì Kìn-ín-ní, orí kìn-ín-ní. Gbogbo wa la mọ Hánnà. A mọ omijé rẹ̀ ní Ṣílò, a mọ̀ pé Élì rò pé ó mutí yó, a mọ ẹ̀jẹ́ tó jẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tí mo fẹ́ kí o kà ni ẹsẹ 21 sí 23, ibi tí ọ̀pọ̀ oníwàásù máa ń fò kọjá. Ọdún yí po, Ẹlikánà kó gbogbo ará ilé rẹ̀, wọ́n ń gòkè lọ rúbọ ọdọọdún. Hánnà kò bá wọn lọ. Obìnrin tó jẹ́ pé ní Ṣílò yẹn gan-an ni Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà rẹ̀, tí à bá ní kó sáré ṣíwájú gbogbo wọn lọ dúpẹ́! Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ó di ìgbà tí òun bá já ọmọ náà lẹ́nu ọmú. Ọkọ rẹ̀ ní kó ṣe èyí tó bá dára lójú rẹ̀, kó dúró, kí Olúwa ṣáà mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Hánnà bá jókòó sílé, ó ń fún ọmọ lọ́mú. Láyé ìgbà yẹn, jíjá ọmọ lẹ́nu ọmú máa ń tó ọdún méjì tàbí mẹ́ta, nítorí náà kì í ṣe ìsìn ẹyọ kan ló pa jẹ. Wá ibi tí Ọlọ́run ti bá a wí nínú orí náà, o kò ní rí i. Wòlíì tí gbogbo Ísírẹ́lì yóò máa fetí sí ohùn rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la, orí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ló wà nígbà tí àwọn yòókù wà níbi ìrúbọ.

Mo fẹ́ kí ìyẹn wọ̀ ọ́ lára dáadáa. Àìsùn tí o kò lè lọ mọ́ kì í ṣe ẹ̀rí pé ìgbàgbọ́ rẹ kú. Ìwọ náà ń ṣe àìsùn. Aago méjì òru, ọmọ ké, o dìde. Aago mẹ́rin, ọmọ tún ké, o tún dìde. Kò sí ìlù níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń bá ọ ṣe àmín, kò sí ẹni tó máa dárúkọ rẹ lọ́jọ́ Àìkú pé o gbìyànjú. Ẹni tó sọ nípasẹ̀ Àìsáyà pé òun kì í gbàgbé wa bí obìnrin tilẹ̀ gbàgbé ọmọ ọmú rẹ̀, ó mọ ohun tí aago mẹ́rin òru rí. Òun ló fi ara rẹ̀ wé ìyá ọlọ́mọ ọwọ́, kì í ṣe èmi ni mo fi í wé e.

Àwọn àgbà ní ọmọ tó ní kí ìyá òun má sùn, òun náà kò ní fojú kan oorun. Ṣùgbọ́n ọmọ oṣù méje máa ń rí oorun tirẹ̀ sùn lọ́sàn-án. Ìyá tó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ni kì í rí i sùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi fún ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń kà á pẹ̀lú ọmọ mi yìí. Nígbà tí àkọ́bí mi wà ní ọmọ ọdún méjì, iṣẹ́ òru ni wọ́n fi mí sí. Mo dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ kọ̀ kò jẹun, ó fẹ́ ògì tó wà lẹ́nu rẹ̀ sí mi láṣọ. Mo gbá a létí. Ìka mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló là sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Èmi tí mo ń gba ọmọ tuntun ní jẹ̀lẹ́jẹ̀lẹ́ lọ́wọ́ ìyá wọn! Mo lọ bá àgbà kan nínú ìjọ tí mo wà nígbà náà, ó ní ẹ̀mí ìbínú ni, ó gbàdúrà lé mi lórí, mo ṣe àmín tọkàntọkàn. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, mo tún gbá ọmọ náà. Ọkàn mi bàjẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí mo rò pé Ọlọ́run ti dáhùn, èmi ni mo ba ìdáhùn náà jẹ́.

Ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ ní Ọjà Wándó ló là mí lójú. Mo lọ ra ẹ̀kọ lọ́dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀, ọmọ wà lẹ́yìn mi, ó ń ké. Ìyá náà wo ojú mi, ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ìgbà wo lo ti sùn kẹ́yìn?” N kò rí èsì fọ̀. Ó tú ọ̀já mi, ó gba ọmọ, ó gbé e pọ̀n sẹ́yìn ara rẹ̀, ó tẹ́ àpò sí ẹ̀yìn apẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ, ó ní kí n dùbúlẹ̀. Mo sùn fún wákàtí mẹ́ta nínú ariwo ọjà. Nígbà tí mo jí, ọmọ mi jókòó tì í, ó ń fi ewé ẹ̀kọ ṣeré, ìyá náà sì ń ṣẹ́ owó fún oníbàárà bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan. Ọjọ́ yẹn ni mo tó gbàdúrà tí mo mọ̀ pé mo gbà á. Mo dúpẹ́, mo sì tọrọ ìdáríjì, ní ojú títì, ọmọ lẹ́yìn mi.

Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ràn ohun tí Ọlọ́run ṣe fún Èlíjà nínú Àwọn Ọba Kìn-ín-ní orí 19. Èlíjà ti rẹ̀ pátápátá, ó wọ aginjù lọ, ó sùn sábẹ́ igi, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Bó bá jẹ́ àwa ni, à bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù fún un pé wòlíì bíi tirẹ̀, tí iná ti ọ̀run bọ̀ nítorí àdúrà rẹ̀ láìpẹ́ yìí, kò yẹ kó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Áńgẹ́lì fọwọ́ tọ́ ọ, ó ní, “Dìde, jẹun.” Àkàrà gbígbóná lórí ẹyín iná, àti omi. Ó jẹ, ó mu, ó tún sùn. Áńgẹ́lì padà wá lẹ́ẹ̀kejì, ó tún ní kó jẹun, nítorí ọ̀nà náà jìn fún un. Lẹ́yìn oúnjẹ méjì àti oorun méjì ni Èlíjà tó rìn dé Hórébù, níbi tó ti gbọ́ ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tí gbogbo wa ń wàásù lé lórí.

O béèrè ibi tí àwọn ìyá tó ní sùúrù ti ń rí i. Wo Gálátíà 5:22. Nínú Bíbélì tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ túmọ̀, tó parí ní 1884, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi síbẹ̀ ni ìpamọ́ra. Nígbàkígbà tí mo bá kà á, ìyá tó pọn ọmọ ni mo máa ń rí. Ọmọ ń jà lẹ́yìn, ó ń na ẹsẹ̀, ó ń fa irun, ìyá sì tún ọ̀já so, ó pa á mọ́ra. Èso ni ẹsẹ náà pè é. Igi kì í fi agbára so èso, omi ló ń mu. Tí o bá rí igi ọsàn tí kò so, o kò ní na igi náà, ìdí rẹ̀ ni wàá wò bóyá ilẹ̀ ibẹ̀ ti gbẹ. Wò ó dáadáa pẹ̀lú, ìpamọ́ra àti ìgbàgbọ́ wà lórí ẹ̀ka kan náà nínú ẹsẹ yẹn. O kọ̀wé sí mi bí ẹni pé ìṣòro méjì lo ní. Ẹyọ kan ni: ilẹ̀ rẹ ti gbẹ.

Àwọn ìyá onísùúrù tí o ń wò nínú ìjọ, mo ti wọ ilé ọ̀pọ̀ irú wọn. Ohun tí mo sábà máa ń bá níbẹ̀ ni ìyá tàbí àbúrò tó ń bá wọn gbé ọmọ, tàbí ọkọ tó ń tètè dé. N kò sọ pé wọn kì í gbàdúrà. Mo ń sọ pé ọwọ́ pọ̀ níbẹ̀. Mósè pàápàá, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ wúwo lórí òkè, Áárónì àti Húrì ló gbé e ró títí oòrùn fi wọ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré.

Ta ni Áárónì tìrẹ? Lẹ́tà rẹ ti dárúkọ rẹ̀ fún mi, o kò kàn fura ni. Ìyá ọkọ rẹ sáré wọlé wá gba ọmọ. Ìyẹn ni pé ó wà nítòsí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì gbé e, ó sì fẹ́ràn ọmọ náà. Mo mọ̀ pé ojú ń tì ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn, o rò pé ó ń wò ọ́ bí ìyá búburú. Jí ní kùtù, lọ kúnlẹ̀ kí i, kí o sọ fún un pé: “Ìyá, ẹ ṣeun tí ẹ gba ọmọ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn. Ó rẹ̀ mí. Ẹ bá mi mú èyí kékeré lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán títí oòrùn yóò fi rọlẹ̀ díẹ̀, kí n lè sùn.” Má fi ẹ̀sùn kankan kún un, má dárúkọ ọmọ rẹ̀ tó wà ní Kútọnu. Ẹnìkan ló ń bímọ, igba èèyàn ló ń tọ́ ọ, ṣùgbọ́n igba èèyàn náà kì í ṣàdédé wá, à ń pè wọ́n ni. Bó bá sì ti gba ọmọ, sùn. Mo bẹ̀ ọ́, má jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Aṣọ tí o fẹ́ fi wákàtí yẹn rán, gba iṣẹ́ tó dín sí i lóṣù yìí. Mo mọ̀ pé owó ni. Léèsì kan tó bàjẹ́ nítorí pé ojú rẹ ti ṣú ń ná ọ ju aṣọ méjì tí o kò gbà lọ.

Ọkọ rẹ náà, sọ fún un ní ìṣẹ́jú tó bá ráyè lórí fóònù, kì í ṣe nígbà tí ọmọ ń ké létí rẹ. Sọ ohun tí o sọ fún mi yìí gan-an, títí kan ti ẹgba. Ó lè máa gbàdúrà alẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ lórí fóònù kí wọ́n tó sùn, ìwọ á sì dákẹ́, ìwọ á máa gbọ́. Bó bá wálé, òun ni kó mú àwọn méjì tó dàgbà lọ sí ìsìn. Bó bá ti dé lálẹ́ Sátidé tí ó sì rẹ̀ ọ́ débi pé o kò lè lọ, dúró sílé pẹ̀lú ọmọ ọwọ́. Hánnà náà dúró.

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ìlú rẹ. Nítorí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́yìn òde ṣe mọ orúkọ Kétu, UNESCO sì ti kéde rẹ̀ ní ogún àgbáyé láti 2001. Àwa kì í gbé e jó, ìgbàgbọ́ wa yàtọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa tó ń gbé e jó mọ̀ pé ìyá kì í ṣe ẹni tí à ń fojú di, pé bí inú àwọn ìyá kò bá dùn, ìlú kò lè tòrò. Yóò dùn mí gan-an bí ó bá jẹ́ inú ìjọ Kristi ni a ti gbàgbé rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ rẹ, kí wọ́n yan ẹni méjì tí yóò máa yà sọ́dọ̀ rẹ lọ́jọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, tí wọn yóò bá ọ fọ aṣọ ọmọ. Bó bá ṣòro fún ọ láti sọ, fi lẹ́tà yìí hàn wọ́n.

Àdúrà ńkọ́? Má kúnlẹ̀ mọ́ lálẹ́ nígbà tí oorun ti kún ojú rẹ. Dá a sí ẹnu iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ ń ṣe. Kọ ẹsẹ Bíbélì kan ṣoṣo sórí pépà, fi pín-ìn-nì gún un mọ́ kọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, má pààrọ̀ rẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ yóò fi parí. Ẹsẹ tí mo máa ń fún àwọn ìyá ni Sáàmù 131, ẹsẹ kejì, níbi tí Dáfídì ti sọ pé ọkàn òun rí nínú òun bí ọmọ tí a já ní ẹnu ọmú. Ọmọ tí a ti já, bó bá wá sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kì í ṣe wàrà ló ń wá. Ó kàn fẹ́ jókòó tì í. Nígbà tí o bá ń fún ọmọ lọ́mú lóru, o kò nílò láti sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ fún Ọlọ́run. Jókòó tì í. Bí oorun bá gbé ọ lọ níbẹ̀, ọmọ tó sùn sí àyà baba rẹ̀ kò ṣẹ̀ ẹ́.

Ti àkókò ìbínú sì tún yàtọ̀. Ṣọ́ ara rẹ fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, wàá rí i pé wákàtí kan náà ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ìyá, ìrọ̀lẹ́ ni, láti aago márùn-ún sí méje, nígbà tí ebi ń pa gbogbo ilé, oúnjẹ kò tíì jinná, oníbàárà sì ń bọ̀ wá gba aṣọ. Fún àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ àti àkàrà ní aago mẹ́rin kí o tó dáná. Wẹ̀ wọ́n kó tó di alẹ́. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ lásán, ṣùgbọ́n mo ti rí ilé tí ìjà dín kù níbẹ̀ nítorí àkàrà aago mẹ́rin.

Bó bá ti wá dé tán, tí o rí i pé ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n, gbé ọmọ ọwọ́ sórí ẹní níbi tí kò ti lè já bọ́, kí o jáde síta. Bó bá ń ké, jẹ́ kó ké fún ìṣẹ́jú díẹ̀, igbe kò ní pa á. Ohun tó léwu ni kí a fi ìbínú mi ọmọ ọwọ́ jìgìjìgì, torí ó lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Bu omi tútù sójú. Sọ ohun tí Pétérù sọ nígbà tó ń rì sínú òkun nínú Mátíù 14:30: “Olúwa, gbà mí.” Omi ti ń mu ún, kò ráyè àdúrà gígùn, Jésù sì na ọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀.

Ní ti ọmọkùnrin rẹ. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò mọ iye tí ọ̀pá léèsì kan jẹ́. Ó rí ohun pupa tó ń dán nínú àwo, ó rí aṣọ funfun, ọwọ́ rẹ̀ sì yá ju ìrònú rẹ̀ lọ. Apá ọpọlọ tí èèyàn fi ń kó ara rẹ̀ níjàánu kì í dàgbà tán títí di nǹkan bí ọmọ ọdún 25. Tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ni. Kan ìṣó sókè sára ògiri, kí aṣọ oníbàárà máa wà níbẹ̀ nínú ọ̀rá. Fún ọmọ náà ní àpò tirẹ̀ tó ní àjákù aṣọ àti òfìfo róòlù owú nínú, kó máa “ránṣọ” lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ dí kì í wá epo.

Wọn yóò ka Òwe 13:24 fún ọ, pé ẹni tó bá fa ọ̀pá sẹ́yìn kórìíra ọmọ rẹ̀. Kí wọ́n ka Kólósè 3:21 mọ́ ọn, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ní ká má mú àwọn ọmọ bínú kí wọ́n má baà rẹ̀wẹ̀sì. Ìbáwí ní ohun tó fẹ́ kí ọmọ mọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, mo rò pé ìwọ náà mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ lò ń bá wí. Owó lò ń nà, oorun tí o kò sùn lò ń nà, ọkọ tí kò sí nílé lò ń nà, ara ọmọ ló kàn wà níbẹ̀.

Bẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé wọn yóò bi ọ́ pé ṣé àgbà ń bẹ ọmọdé. Ó ń bẹ̀ ẹ́. Jókòó sílẹ̀ kí ojú yín dọ́gba, di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí o ní: “Mo nà ọ́ kọjá bó ṣe yẹ. Kò dára. Jọ̀ọ́, má bínú.” Má fi “ṣùgbọ́n ìwọ náà” kún un. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a óò fi òsì fà á mọ́ra. Ọmọ náà ti na ọwọ́ tirẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ. Tìrẹ ló ń retí.

Ó ku ohun kan, agbẹ̀bí ló ń sọ ọ́ fún ọ. Omijé àti àárẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìbímọ kì í ṣe tuntun. Ṣùgbọ́n bí ìbànújẹ́ bá ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ láìlọ, tí oúnjẹ kò wù ọ́, tí oorun kò wá nígbà tí ọmọ pàápàá sùn, tí o ń wo àwọn ọmọ bí ẹni tó wà lókèèrè, àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa, nǹkan bí ìyá 20 nínú 100 ni irú àìsàn ọkàn bẹ́ẹ̀ ń bá lẹ́yìn ìbímọ. Lọ sí ilé ìwòsàn, sọ fún agbẹ̀bí gẹ́gẹ́ bí o ṣe máa sọ ti ibà fún un. Bó bá ṣe ọ́ rí bí ẹni pé kí o ṣe ara rẹ tàbí ọmọ ní jàǹbá, má dá dúró nínú ilé, má dúró di ọjọ́ kejì, pe ìyá ọkọ rẹ, kí ẹ gun zẹ̀mí, alùpùpù akérò, lọ síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kí ìjọ máa gbàdúrà, kí dókítà máa wò ọ́. Lúùkù tó kọ ìwé Ìhìnrere, Pọ́ọ̀lù pè é ní oníṣègùn olùfẹ́.

Ó wá ku léèsì. Sọ fún oníbàárà lónìí, kó tó di pé òun ló wá béèrè. Lẹ́yìn náà, mú un jáde nínú báàgì. Wọ́n pọ́dà sójú epo náà kó bò ó, fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kó fa epo mu, kí o gbọ̀n ọ́n dànù. Fi ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ pa ojú ibẹ̀ jẹ́jẹ́ nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, má fi búrọ́ọ̀ṣì ha á, torí léèsì ń ya. Fi omi ṣàn án. Bí àwọ̀ epo bá ṣì kù, sá a sóòrùn bó ṣe tutù náà, nítorí oòrùn máa ń pa àwọ̀ epo pupa rẹ́. Má ṣe lọ̀ ọ́ títí àmì náà yóò fi tán. Hánnà náà máa ń dá ẹ̀wù kékeré fún Sámúẹ́lì, ó sì ń gbé e lọ fún un lọ́dọọdún. Aránṣọ bíi tìrẹ ni. Jẹ́ kí ọmọ rẹ ọkùnrin bá ọ di agolo pọ́dà mú nígbà tí o bá ń wọ́n ọn.